Àwọn Tó Ń Gba Dìgírì Lórí Eré Ìdárayá: Kí Ni Iṣẹ́ Wọn Gan-an?

Ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 2023, ní ìlú Cincinnati lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Damar Hamlin tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún ẹgbẹ́ Buffalo Bills kọlu alátakò rẹ̀. Ó dìde, ó tún ṣubú lulẹ̀ gbalaja. Ọkàn rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí ayé gbóríyìn fún pé ó fọwọ́ méjèèjì tẹ àyà rẹ̀ lórí pápá kì í ṣe dókítà. Denny Kellington lorúkọ rẹ̀, athletic trainer sì niṣẹ́ rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, Hamlin ti padà sẹ́nu eré.

Púpọ̀ nínú wa kò gbọ́ orúkọ iṣẹ́ yìí rí. Athletic trainer kì í ṣe kóòṣì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹni tó kàn ń gbé omi kiri. Yunifásítì ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dènà ìfarapa, bí wọ́n ṣe ń dá egungun tó yẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí iṣan tó fà, àti ìgbà tí ẹni tó forí gbá lè padà wọ pápá láìséwu. Ẹgbẹ́ wọn, NATA, ti wà láti 1950, ṣùgbọ́n ọdún 1990 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà tó gbà pé ara iṣẹ́ ìlera ni. Dìgírì àkọ́kọ́ ló ń tó wọn tẹ́lẹ̀; ní báyìí, ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ gba másítà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ooru nìkan. Bí eléré bá ń sáré nínú oòrùn, tí ara rẹ̀ gbóná kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius, tó wá ń sọ ìsọkúsọ, ohun tí a sábà máa ń ṣe ni ká bu omi sí i lórí, ká gbé e sínú ọkọ̀, ká kọrí sí ọsibítù. Ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn athletic trainer yàtọ̀: ẹ kọ́kọ́ mú ara rẹ̀ tutù kí ẹ tó gbé e lọ. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti gbé ọpọ́n ńlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, wọ́n á ti pèsè omi àti yìnyín. Wọ́n á gbé onítọ̀hún sínú rẹ̀ dé ọrùn, ẹnì kan á dì í mú lábẹ́ apá kí orí rẹ̀ má baà rì, ẹlòmíràn á máa ro omi náà káàkiri ara rẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n ní láti fi mú ooru náà wálẹ̀. Wọn kì í gbára lé tẹmọ́mítà tí wọ́n fi sí ẹnu tàbí abíyá, torí pé irọ́ ni yóò pa. Ihò ìdí ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ooru kò mọ alágbára. Korey Stringer, géńdé ẹni ọdún 27 tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún Minnesota Vikings, ooru ló pa á lásìkò ìgbáradì ní 2001. Ní 2010, Yunifásítì Connecticut dá ibùdó ìwádìí kan sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀, kí irú ikú bẹ́ẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kọ́ nípa eré ìdárayá kò mọ sórí gbajúmọ̀ eléré o. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, dókítà kan ní London, Jerry Morris, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàyẹ̀wò àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì. Dírẹ́bà ń jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀; kọ̀ndọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn sókè sódò kó lè gba owó ọkọ̀. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn The Lancet ní 1953, ó hàn pé àrùn ọkàn ń mú dírẹ́bà ju kọ̀ndọ́kítọ̀ lọ. Inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà! Mo máa ń rántí ìwádìí yìí nígbà tí mo bá rí àwọn awakọ̀ dánfó wa nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó. Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe eré tó ń mú èémí yára. Ẹni tó gba dìgírì eré ìdárayá ló mọ bí a ṣe ń díwọ̀n rẹ̀ fún ìyá arúgbó tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí bàbá tó ń bá ìtọ̀ ṣúgà fà á.

Wọn ò tètè bọ̀wọ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí nínú ọgbà yunifásítì pàápàá. Ní 1963, James Conant tó ti ṣe ààrẹ Harvard rí kọ̀wé pé ẹ̀kọ́ gíga àwọn olùkọ́ eré ìdárayá kò nítumọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Franklin Henry ti Berkeley kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìmọ̀ tó dúró fúnra rẹ̀ ni. Látìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ti pa orúkọ dà, tí wọ́n sì ní yàrá ìwádìí tiwọn.

Àwa náà ò kẹ̀rẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní physiotherapy láti 1966. Ìbàdàn, Èkó àti Ìlọrin wà lára àwọn yunifásítì tó ń kọ́ni ní Human Kinetics, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìrìn ara àti eré ìdárayá, tí wọ́n fi sábẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà wà: tíṣà géèmù lásán ni ọ̀pọ̀ òbí ka àwọn ọmọ náà sí, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kò sì rí wọn rò. Bẹ́ẹ̀, ojú wa ti rí tiwa. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ 1989, agbábọ́ọ̀lù Samuel Okwaraji ṣubú lulẹ̀ ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù, kò sì dìde mọ́. Wọ́n rí i lẹ́yìn ikú rẹ̀ pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi jù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Ṣíṣe àyẹ̀wò kí eré tó bẹ̀rẹ̀ wà lára ohun tí ẹ̀kọ́ yìí dúró lé lórí.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ tó kó ọmọ ọlọ́mọ sínú oòrùn fún inter-house sports tó ń bọ̀, ẹ wá ẹni tó kàwé yìí, ẹ fún un níṣẹ́, ẹ sì ra yìnyín. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní Human Kinetics lòun fẹ́ kà, ẹ jẹ́ kó kà á.