Ẹ Yí Àga Màmá Padà: Bí A Ṣe Ń Fi Ìmọ́lẹ̀ Tó Wà Nílẹ̀ Ya Fọ́tò

Ọ̀rọ̀ fọ́tò la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó fà á.

Nígbà tí ìyá bàbá mi kú, wọ́n ní kí n wá fọ́tò tí a máa fi ṣe pósítà ìsìnkú, torí èmi ni wọ́n mọ̀ sí onífọ́tò nínú ilé. Mo tú fóònù mi wò. Fọ́tò màmá pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ kò sí ẹyọ kan tí ojú wọn hàn dáadáa. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á kẹ̀yìn sí ìta, èmi á sì dúró nínú pálọ̀ yà wọ́n. Ìta ń tàn yanran, ojú màmá ṣú bí èédú. Fóònù mi ò burú o. Ká ní mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yí àga padà ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Kí ló fà á? Kámẹ́rà máa ń wo gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀, á wá ìwọ̀n tó máa bá gbogbo rẹ̀ mu. Tí ibi tó mọ́lẹ̀ gan-an bá wà lẹ́yìn èèyàn, kámẹ́rà á dín ìmọ́lẹ̀ kù kí ibẹ̀ má bàa funfun jù. Ojú èèyàn ló máa jìyà rẹ̀. Àwọn fóònù tuntun ń gbìyànjú láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó dáa kí ẹ má fi gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹni náà kọjú sí fèrèsé, tàbí kí fèrèsé wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kó sún mọ́ ọn. Tí fèrèsé bá kéré, tí ẹni tó wà ní mítà kan bá sún sẹ́yìn di mítà méjì, ìmọ́lẹ̀ tó ń bá a lè kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Tí ẹ̀gbẹ́ kejì ojú bá ṣókùnkùn jù, ẹ na aṣọ funfun kan síbẹ̀. Á da ìmọ́lẹ̀ padà sójú.

Ẹ pa gílóòbù tó bá jẹ́ ọ̀sán. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀pọ̀ gílóòbù pupa rúsúrúsú, ti ìta sì fẹ́ jọ búlúù. Tí méjèèjì bá pàdé lójú èèyàn, àwọ̀ rẹ̀ á dàrú. Ẹ pa fláàṣì náà. Iná kékeré tó ń bọ̀ tààrà máa ń mú kí iwájú orí dán bíi pé wọ́n fi òróró pa á.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni náà lórí fóònù. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, àmì oòrùn kékeré kan á yọ. Tí ẹ bá fà á sókè, fọ́tò á mọ́lẹ̀ sí i. Tí ẹ bá fà á wálẹ̀, á ṣú. Ṣùgbọ́n ẹ má fà á títí ẹni náà á fi dà bí ẹni tó bóra.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àwọ̀ yín dúdú jù fún kámẹ́rà. Ní àwọn ọdún 1950, Kodak bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó ń fọ fọ́tò ní káàdì kan tí wọ́n ń pè ní Shirley card. Fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀, òun ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n àwọ̀. Wọn ò ro tiwa mọ́ ọn. Ọdún 2021 ni Google gbé Real Tone jáde pẹ̀lú Pixel 6 láti tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n fèrèsé ò nílò fóònù tuntun. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, awọ dúdú á dán díẹ̀díẹ̀, ìrísí ojú á sì yọ.

Tó bá jẹ́ ìta ńkọ́? Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, oòrùn ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sí àtàrí wa, ihò ojú á ṣókùnkùn. Ẹ wọ abẹ́ igi tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹni náà kọjú síta. Tàbí kí ẹ dúró di nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹ tètè ṣe é o, torí oòrùn wa kì í pẹ́ wọ̀. Tí ìkùukùu bá bo oòrùn, ẹ má bínú: bí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló rí, á jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rọ̀.

Tí NEPA bá múná lọ lálẹ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù kejì sára ògiri funfun, ẹ má tàn án sójú èèyàn. Kí ẹ gbé fóònù tí ẹ fi ń yà á lé nǹkan, torí nínú òkùnkùn, kámẹ́rà nílò àkókò púpọ̀ sí i láti gba ìmọ́lẹ̀. Tí ọwọ́ bá gbọ̀n, fọ́tò á dàrú.

Páásípọ́ọ̀tù àtijọ́ kan la padà fi ṣe pósítà màmá. Wọn ò rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu wọn. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Tí ẹ bá délé lọ́jọ́ Sunday, ẹ bá wa yí àga àwọn àgbà yín padà sí ìmọ́lẹ̀.