Adìẹ ẹlẹ́yin ń pawó wọlé ní Ìkìrun, Iníṣà àti Òkukù, àmọ́ fíìdì ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀!

Ẹ má wulẹ̀ torí pé ẹyin ti gbówó lórí, kẹ́ ẹ sáré lọ kó owó yín lé adìẹ lórí o. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún jìn jùyẹn lọ. Téèyàn bá gba Òṣogbo wọ Ìkìrun, tó kọjá ní Iníṣà títí tó fi dé Òkukù, ilé tí wọ́n ti ń sin adìẹ àgíríìkì lẹ́yìnkùlé kò ṣòro rí. Àwọn tó ń sin ín náà kì í ṣe àgbẹ̀ ńlá. Olùkọ́ wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì wà níbẹ̀, ìyá tó ń tajà lọ́jà náà wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí òṣìṣẹ́ ìjọba fi ń wojú adìẹ gbọ́dọ̀ rántí ọdún 2015. Láti oṣù keje ọdún náà títí wọ 2018, ààbọ̀ owó oṣù nìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ń san fún àwọn tó wà ní ipele kejìlá sókè. Àwọn ipele kẹjọ sí ìkẹwàá ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nìkan ló ń gba odindi. Bàbá tó ń gba ààbọ̀ owó oṣù, tó sì ń sanwó ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò.

Ọjà náà sì wà. Ètò oúnjẹ ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ń pè ní O-MEAL, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2012, ń ra ẹyin fáwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Òkukù tiwọn tún ní ọgbà Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ ò sì lè rí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ íńdómì àti ẹyin díndín, pàápàá tí oṣù bá ti ń lọ sópin.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi adìẹ 100 ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Adìẹ kan tó ti ń yé máa ń jẹ tó gíráàmù 110 sí 120 lójúmọ́. Ìyẹn ni pé adìẹ 100 máa jẹ kílò 11 sí 12, àpò fíìdì oníkílò 25 kò ní í ju ọjọ́ méjì lọ. Tí wọ́n bá wà lójú ẹyin dáadáa, wọ́n á máa yé tó 80 sí 90 lójúmọ́. Láàárín ọjọ́ méjì náà, kíréètì márùn-ún ó lé díẹ̀ lẹ máa kó. Nínú ẹ̀ lẹ ti máa ra àpò fíìdì mìíràn, oògùn, omi, kẹ́ ẹ sì fún ọmọ tó ń bá yín kó ìgbẹ́ adìẹ ní tiẹ̀. Èyí tó kù lèrè.

Àmọ́ kí wọ́n tó yé ẹyin àkọ́kọ́ ńkọ́? Ẹni tó bá ra ọmọ ọjọ́ kan, ọ̀sẹ̀ 18 sí 20 ló máa fi bọ́ wọn lásán. Àpò 25 sí 30 ni àwọn 100 yìí máa jẹ kó tó rí ẹyin kan ṣoṣo. Ibí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Wọ́n á yáwó ní kọpuréétífù, kọpuréétífù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ẹ̀ padà lóṣù kejì, nígbà tí adìẹ ò tíì hu ìyẹ́ tán. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbọ́n fi ń ra èyí tó ti fẹ́ẹ̀ yé, bó tilẹ̀ wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ fíìdì yìí, àgbàdo ló bà á jẹ́. Lóṣù keje 2020, báńkì àpapọ̀, CBN, ní òun ò ní í fún ẹni tó bá fẹ́ kó àgbàdo wọ̀lú ní owó ilẹ̀ òkèèrè mọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àgbàdo ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ adìẹ. Kíréètì ẹyin tí wọ́n ń tà ní bíi N1,000 lọ́dún náà ti kọjá N4,000 ní 2024. Ẹni tó bá wo N4,000 nìkan á rò pé ọlọ́sìn ti là. Kò bèèrè iye tí àpò fíìdì ti dà.

Èyí tó wá dun àwọn ọlọ́sìn jù ni ti ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí owó tuntun dé, tówó sì dàwátì. Ẹyin ń bẹ, oníbàárà fẹ́ rà á, kò sí owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ! Ẹyin kì í ṣe àgbàdo téèyàn máa kó sí àká, adìẹ náà ò sì mọ̀ pé kò sówó nílùú, ó ń yé lọ ni. Ẹ̀dínwó tó burú làwọn kan fi tà á.

Ti ìtọ́jú, ilé ni ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń sin wọ́n nílẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà méjì níbùú lóòró ni kẹ́ ẹ ṣírò fún adìẹ kan, ìyẹn yàrá méjì ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 10 fún 100. Ògiri kúkúrú, wáyà lókè, kí atẹ́gùn máa wọlé. Oòrùn oṣù kẹta máa ń pa léyà, omi tútù ni oògùn ẹ̀, nítorí omi tí adìẹ ń mu tó ìlọ́po méjì oúnjẹ rẹ̀. Ọjọ́ tí omi bá tán títí dọ̀sán, ẹyin ọjọ́ kejì á dín kù. Adìẹ tó ń yé tún fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó wákàtí 16, iná mànàmáná ló sì mọ ìyókù!

Lúkúlúkú, tí dókítà ẹran ń pè ní Newcastle, kò níwà pẹ̀lẹ́. Ó lè pa gbogbo ilé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní ni abẹ́rẹ́ àjẹsára tiẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, Gumboro á tẹ̀ lé e lọ́sẹ̀ kejì, kí wọ́n tó tún Newcastle ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ má jẹ́ kí oògùn àjẹsára gbóná lọ́nà, yìnyín ni kẹ́ ẹ fi gbé e. Láti 2006 tí àìsàn ẹyẹ ti kọ́kọ́ fara hàn ní Nàìjíríà, ní oko kan ní Jaji, ìpínlẹ̀ Kaduna, àlejò kan ò gbọ́dọ̀ ti ilé adìẹ tiẹ̀ wọ ti ẹlòmíràn láì fẹsẹ̀ bọ omi apakòkòrò.

Ti òórùn ńkọ́? Àwọn aládùúgbò ò ní í gbà, onílé náà ò ní í gbà. Ìgbẹ́ tẹ́ ẹ bá kó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ máa rà á lọ́wọ́ yín.

Nígbà tí adìẹ bá ti tó ọ̀sẹ̀ 72 sí 80, ẹyin á ti dín kù, oúnjẹ ò sì ní í dín kù. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń ka oṣù sẹ́yìn kí wọ́n tó ra ọmọ adìẹ, kó lè jẹ́ pé inú oṣù Kejìlá ni wọ́n á kó àwọn arúgbó náà lọ sọ́jà, nígbà tí gbogbo ilé ń wá adìẹ Kérésì.