Ẹ Wo Abẹ́ Ọkọ̀ Yín Kí Ẹ Tó Forí Lé Ọ̀nà Ilé

Akọ̀wé réluwéè ni mí, n kì í ṣe mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ní ọ̀nà Bida ni mo fẹ́ sọ fún yín, kí ẹlòmíràn má baà rí irú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ sin ìyá ìyàwó mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Àárọ̀ Jímọ́ ni a gbéra nínú òjò, èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta, pẹ̀lú àpò ìrẹsì méjì àti kẹ́ẹ̀gì òróró nínú bùútù. Ọkọ̀ kékeré ni ọkọ̀ mi, ikùn rẹ̀ kò jìnnà sílẹ̀, ẹrù sì tún tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. A kan omi pupa kan lójú títì. Mo rò pé omi lásán ni. Àṣé òkúta yangí ń bẹ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó dún gbàmù lábẹ́ ọkọ̀. Ìyàwó mi ní, “Bàbá ọmọ mi, ẹ dúró kí ẹ wò ó.” Mo ní kò sí nǹkan kan.

Láìpẹ́, iná pupa ti ọ́ìlì tàn níwájú mi. Mo tún ní kí n ṣáà rọra wà á dé Bida. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Ẹ́ńjìnì náà ń lu kọ̀kọ̀kọ̀, ó sì kú pátápátá. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, awo ọ́ìlì ti là, kò sì ku ẹ̀kán kan nínú rẹ̀. Àgbẹ̀ Tápà kan ni ó gbà wá sábẹ́ àtíbàbà rẹ̀. Wọ́n ti sin ìyá kí a tó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ni mo sì fi ra ẹ́ńjìnì mìíràn. Ìyàwó mi kò bú mi, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí títí di òní.

Ní ayé àwọn bàbá wa, Peugeot 404 àti 504 ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń lọ sílé. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to Peugeot pọ̀ ní Kaduna, 504 sì ga nílẹ̀, ó gba ìyà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ kékeré tí a ń rà lónìí, títì dídán ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Àlàfo láàárín ikùn wọn àti ilẹ̀ lè má ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, ìyẹn gígùn bírò kan, àní kí a tó di ẹrù sí i. Abẹ́ ibẹ̀ ni awo ọ́ìlì, páìpù búréèkì, táńkì epo àti sàláńsà wà. Awo ọ́ìlì ni ó gba ìṣọ́ra jù. Bí ọ́ìlì inú rẹ̀ bá tán, irin á máa họ irin nínú ẹ́ńjìnì, wọn á gbóná, wọn á sì lẹ̀ mọ́ ara wọn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Kí ni kí a ṣe? Èkíní, bí mẹkáníìkì bá tú rọ́bà abẹ́ ẹ́ńjìnì, ẹ má jẹ́ kí ó jù ú nù. Èkejì, wẹ́dà lè fi páànù irin tí ó nípọn tó mìlímítà 3 ṣe ìbòrí sábẹ́ ẹ́ńjìnì. Bóòtù ni kí ó fi dè é mọ́ férémù ọkọ̀, kí ó ṣeé tú. Kò gbọdọ̀ kan awo ọ́ìlì. Kí ó lu ihò sí i kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí a sì lè rí ibi da ọ́ìlì. Ẹ̀kẹta, ẹ wo ṣọ́kì àti sípíríǹgì, kí ẹ fẹ́ táyà dé ìwọ̀n, kí ẹ sì dín ẹrù kù. Bí ibi kan bá burú jù, kí àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀.

Lójú ọ̀nà, bí ẹ bá rí òkúta tí ẹ kò lè yà fún, ẹ má jẹ́ kí ó wà láàárín táyà méjèèjì; ẹ rọra fi táyà gun orí rẹ̀, nítorí nígbà náà ni ikùn ọkọ̀ yóò gbé sókè. Omi tí ẹ kò mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ fi igi wọ̀n ọ́n kí ẹ tó kó sí i.

Bí nǹkan bá sì gbá abẹ́ ọkọ̀, ẹ wá ibi tí kò léwu, ẹ dúró, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Omi mímọ́ tí ń kán láti inú ẹ̀rọ amúlétutù kò ṣe nǹkan. Bí ó bá jẹ́ ọ́ìlì, tàbí bí iná pupa ọ́ìlì bá tàn, ẹ pa ẹ́ńjìnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ wá ẹni tí yóò fa ọkọ̀ yín. Bí ẹ bá gbóòórùn epo, ẹ sọ gbogbo èrò kalẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣá iná níbẹ̀.

Ní ilé iṣẹ́ wa, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn lójú irin, kí wọ́n máa wo nọ́ọ̀tì àti òkúta kí rélùwéè tó kọjá. Ọkọ̀ tiwa kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àwa tí a di ìdí ọkọ̀ mú ni kí a máa wò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń palẹ̀ mọ́ fún ìgbéyàwó, ìsìnkú tàbí ọdún nílé, kí ẹ lọ ire, kí ẹ bọ̀ ire. Bí ìyàwó yín bá sì ní kí ẹ dúró wo ọkọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró.