Àkàrà ẹja oníyọ̀: Bí ẹ ṣe lè dín oúnjẹ Caribbean tó bá àkàrà wa tan nílé yín

Bí ẹ bá dé Trinidad tàbí Martinique, tí ẹ gbọ́ tí olóúnjẹ ń pe "accra", ẹ má rò pé olú ìlú Ghana ló ń dárúkọ. Oúnjẹ dídín ni. Ẹja oníyọ̀, fúláwà, ata àti àlùbọ́sà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ orúkọ náà kò nílò ògbufọ̀: àkàrà ni.

Jàmáíkà ń pè é ní "stamp and go". Ní Barbados, "fish cakes" ni, wọ́n sì máa ń ki méjì bọ inú búrẹ́dì kan. Àwọn ará Puerto Rico ń pe tiwọn, tó fẹ̀ tó sì pẹlẹbẹ, ní "bacalaítos". Orúkọ lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹja kan náà ni gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀: ẹja cod tí wọ́n fi iyọ̀ pa, tí wọ́n sì sá gbẹ.

Báwo ni ẹja omi tútù ṣe dé ilẹ̀ olóoru?

Kò sí ẹja cod nínú òkun Caribbean. Àríwá òkun Atlantic, níbi tí omi ti tutù, ló ń gbé: Newfoundland ní Kánádà, New England ní Amẹ́ríkà, àti Norway.

Láyé òwò ẹrú, ọ̀pọ̀ olóko ló fẹ́ fi ilẹ̀ wọn gbin ìrèké ju kí wọ́n fi gbin oúnjẹ lọ. Wọ́n nílò oúnjẹ tí kò wọ́n, tí kò sì ní tètè bàjẹ́, fún àwọn ẹrú. Àwọn oníṣòwò àríwá ń ta ẹja tó dára jù fún Yúróòpù. Èyí tó fọ́, tàbí tí iyọ̀ rẹ̀ kò ṣe déédéé, ni wọ́n ń kó lọ sí Caribbean. Ọkọ̀ á sì kó ṣúgà àti ọtí rum padà.

Àjẹkù ọjà ni wọ́n fún àwọn baba ńlá wọn. Àwọn tí wọ́n kó láti Áfíríkà ló fi ata àti àlùbọ́sà sí i, tí wọ́n pò ó, tí wọ́n sì dá a sínú epo gbígbóná bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé. Ẹ̀wà kúrò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ kò kúrò.

Ní Bahia, ní Brazil, ẹ̀wà náà kò kúrò. Acarajé tiwọn ṣì jẹ́ ẹ̀wà tí wọ́n fi epo pupa dín, oúnjẹ Ọya sì ni. Ní 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń tà á sínú ìwé ogún àṣà orílẹ̀-èdè náà.

Iṣin náà ò gbẹ́yìn. Oúnjẹ orílẹ̀-èdè Jàmáíkà ni ackee àti ẹja oníyọ̀. Iṣin wa yìí ni ackee, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni igi rẹ̀ ti lọ sí ọ̀hún láàárín àwọn ọdún 1700.

Ẹja wo ni ẹ lè lò?

Ní 1992, ìjọba Kánádà fi òfin de pípa ẹja cod ní Newfoundland nítorí pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú òkun. Ohun tó jẹ́ oúnjẹ tálákà tẹ́lẹ̀ wá di ọ̀wọ́n. Púpọ̀ nínú ẹja oníyọ̀ tó wà lọ́jà báyìí kì í ṣe cod mọ́, ẹja mìíràn bíi pollock ni.

Ẹ má ṣe ṣì í mú fún stockfish, tí àwọn Igbo ń pè ní okporoko. Afẹ́fẹ́ ló gbẹ okporoko, wọn kì í fi iyọ̀ sí i. Ẹ lè lò ó bí ẹ bá rẹ ẹ́ tó rọ̀, tí ẹ sè é, tí ẹ sì fi iyọ̀ díẹ̀ sí i fúnra yín.

Ní Ghana, koobi, ìyẹn tilapia oníyọ̀, sún mọ́ ọn dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ yọ eegun rẹ̀. Lanhouin tí wọ́n ń tà ní Benin àti Togo náà ní iyọ̀, àmọ́ òórùn rẹ̀ á bo gbogbo èròjà tó kù mọ́lẹ̀. Ọbẹ̀ ló yẹ ẹ́.

Àwọn èròjà (fún bíi ogún kéékèèké)

• Ẹja oníyọ̀ tí kò ní eegun, gíráàmù 250
• Fúláwà, gíráàmù 200
• Baking powder, ṣíbí ìmutíì 1
• Àlùbọ́sà kékeré 1 àti àlùbọ́sà eléwé 2
• Ata rodo 1
• Tòmátì 1 àti ewé táìmù díẹ̀
• Omi tútù, bíi ife 1
• Òróró tí ẹ ó fi dín in

Bí ẹ ó ṣe ṣe é

1. Ẹ fọ iyọ̀ ara ẹja náà dànù, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún wákàtí 12 sí 24. Inú fíríìjì ni kó wà. Ẹ pààrọ̀ omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó kéré tán.

2. Ẹ sè é nínú omi tuntun fún bíi ìṣẹ́jú 15. Ẹ tọ́ ọ wò. Bí iyọ̀ rẹ̀ bá ṣì pọ̀, ẹ da omi náà nù, kí ẹ tún un sè.

3. Ẹ fún omi ara rẹ̀ dáadáa, kí òróró má baà máa ta sí yín lára. Ẹ yọ awọ àti eegun, kí ẹ sì já a wẹ́wẹ́.

4. Ẹ gé ata, àlùbọ́sà, tòmátì àti táìmù wẹ́wẹ́. Ẹ dà wọ́n pọ̀ mọ́ ẹja, fúláwà àti baking powder.

5. Ẹ máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ki bí ẹ̀wà lílọ̀ tí a fẹ́ fi dín àkàrà. Ó lè má gba gbogbo omi inú ife náà. Ibí yìí ni wọ́n ti yàtọ̀: a máa ń lu ẹ̀wà kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá po fúláwà jù, yóò le bíi rọ́bà. Gbàrà tó bá ti pòpọ̀, ó tó.

6. Ẹ gbé òróró kaná. Ẹ kán díẹ̀ sí i. Bó bá hó, tó sì léfòó kíá, ó ti gbóná tó. Ẹ fi ṣíbí máa bù ú sí i, má kún agbada jù. Ẹ dín in fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi pọ́n.

Bí ẹ bá fẹ́ kó rí bíi ti Jàmáíkà, ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ kí etí rẹ̀ lè gbẹ. Bó bá jẹ́ ti Martinique lẹ fẹ́, ẹ bù ú róbótó kéékèèké sínú òróró tó jìn.

Ẹ ṣọ́ra fún iyọ̀

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, kò sì kún ṣíbí ìmutíì kan. Rírẹ àti sísè ń dín iyọ̀ ẹja yìí kù púpọ̀, àmọ́ kì í mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Nítorí náà, ẹ má fi iyọ̀ tàbí kúùbù kún un rárá. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di oúnjẹ ojoojúmọ́, kò sì gbọdọ̀ kánjú níbi rírẹ.

Gbígbóná ló dùn jù. Ògì gbígbóná bá a lọ, búrẹ́dì náà sì bá a lọ: bí ará Barbados ṣe ń fi méjì sínú búrẹ́dì ni ọmọ Èkó ṣe ń fi àkàrà sínú tirẹ̀ láàárọ̀.