Mobylette àtijọ́ tó ń kú, tó tún ń jí: bí a ṣe lè mọ ibi tí àìsàn rẹ̀ wà

Ọ̀rọ̀ mobylette àtijọ́ la gbé wá lónìí. Lóòótọ́, moto tuntun ló kún ojú títì báyìí, ṣùgbọ́n mobylette aláwọ̀ búlúù ti Motobécane ṣì ń bẹ nílé kan sí òmíràn, tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ọdún 1949 ni Motobécane gbé mobylette àkọ́kọ́ jáde ní Faransé. Ní ọdún 1984, ilé iṣẹ́ náà di MBK, Yamaha ti Japan sì wọ inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí Motobécane lára ọ̀kan, MBK lára èkejì, kó sì jẹ́ pé irú kan náà ni wọ́n.

Wàhálà tó ń pa àwọn tó ni ín lẹ́kùn-ún ni èyí: ọkọ̀ á jí dáadáa nílé, á rin kìlómítà díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, á sì kú. Ẹ ó jókòó sábẹ́ igi kajú fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ ó tún wa pẹ́dáàlì, á jí bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkaníkì, kò ní kú lójú tirẹ̀. Mẹkaníkì á wá máa méfò: lónìí ó ra bùjí, lọ́la ó tú kàbùrátọ̀, lọ́tùnla ó ní bòbín ni. Owó ti lọ, àìsàn ò lọ. Níkẹyìn, wọ́n á tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, nígbà tó lè jẹ́ wáyà kan péré ló bó.

Ká sòótọ́, ọkọ̀ tó kú pátápátá rọrùn tún ṣe ju èyí lọ, torí pé àìsàn tirẹ̀ dúró kí a wò ó. Èyí tó ń lọ tó ń bọ̀, àfi ká mú un níbi tó ti ń ṣe é. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ti sípánà, ti ojú àti ìwé kékeré ni.

Ìgbà wo ló ń kú?

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ṣé ìgbà tó bá gbóná ni? Ṣé ìgbà tó bá bọ́ sí kòtò ni? Ṣé ìgbà tí esáǹsì bá fẹ́ tán ni? Ṣé lẹ́yìn òjò ni? Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, ẹ ó rí i pé ó ní ìwà kan tó ń hù. Ìwà yẹn ló máa tọ́ka ibi tó yẹ ká wò.

Ohun tí a ó ṣe lójú ẹsẹ̀ tó bá kú

Ẹ́ńjìnì yìí ń fẹ́ nǹkan méjì pàtàkì: esáǹsì àti iná. Kó tó tutù, ká mọ èwo ló sá lọ nínú méjèèjì. Ẹ ti ẹnu esáǹsì, ẹ tú bùjí, ẹ wo ẹnu rẹ̀. Tó bá tutù, tó ń rùn esáǹsì, a jẹ́ pé esáǹsì ń dé, iná la ó wá. Tó bá gbẹ táútáú, esáǹsì ni kò dé.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi bùjí bọ inú fìlà rẹ̀, ẹ fi aṣọ gbígbẹ di fìlà náà mú, kí ara irin bùjí kan irin ẹ́ńjìnì. Kí ẹnì kejì wa pẹ́dáàlì. Iná tó dára máa ń jẹ́ búlúù, ó sì máa ń ta pá. Tó bá pupa rẹ́súrẹ́sú, tàbí tí kò sí rárá, ibi iná ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ ṣọ́ra o: ẹ nu gbogbo esáǹsì tó bá dà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣe èyí, ẹ má sì gbé bùjí súnmọ́ ihò tó ti jáde, torí ooru esáǹsì ń ti ibẹ̀ bọ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tí iná kpayo lè ṣe.

Tó bá jẹ́ iná

Tó bá ń kú nígbà tó gbóná, tó ń jí nígbà tó tutù, ẹni tí a kọ́kọ́ fura sí ni kọ́ńdàńsátọ̀, lẹ́yìn náà bòbín. Ooru máa ń mú kí wáyà tó já díẹ̀ nínú bòbín ya kúrò lára ara wọn. Tó bá tutù, wọ́n á tún kanra. Kọ́ńdàńsátọ̀ tó ti rẹ̀ kì í jẹ́ kí plátínẹ́ gbádùn: ẹ ó rí i pé ojú plátínẹ́ ti jó, ó dúdú. Ẹ nu ún mọ́, kí mẹkaníkì sì wo àlàfo rẹ̀. Ní bíi 0,4 mm ló yẹ kó ṣí.

Tó bá jẹ́ ìgbà tó bá bọ́ sí kòtò ló ń kú, wáyà ni. Ẹ gbé ọkọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ lálẹ́, níbi tó ṣókùnkùn, kó máa ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ wo wáyà bùjí láìfọwọ́ kàn án. Ibi tó ti bó, ẹ ó rí iná kékeré tó ń fò lọ sára irin.

Nígbà míì, bùjí fúnra rẹ̀ ni: èédú àti ọ́ìlì á di kóró kékeré kan láàárín ẹnu rẹ̀, iná ò ní lè fò mọ́.

Tó bá jẹ́ esáǹsì

Ẹ ṣí ìdérí táǹkì ní kété tó bá kú. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ «fíìì», tí ọkọ̀ sì jí lẹ́yìn náà, ihò kékeré tó wà lára ìdérí ló dí. Afẹ́fẹ́ ò wọlé, esáǹsì ò lè sọ̀ kalẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku ojú ọ̀nà wa lè ṣe bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan ló máa tún un ṣe, ọ̀fẹ́ ni!

Tí kò bá jẹ́ ìyẹn, ẹ bu esáǹsì láti ìsàlẹ̀ táǹkì sínú ìgò tó mọ́ gaara, kó sùn mọ́jú. Omi wúwo ju esáǹsì lọ. Tó bá wà níbẹ̀, ẹ ó rí i nísàlẹ̀ ìgò. Ìpẹtà táǹkì náà á jókòó síbẹ̀. Àwọn méjèèjì ló máa ń dí jíkílọ̀ kàbùrátọ̀, pàápàá nígbà tí esáǹsì bá fẹ́ tán. Kpayo inú ìgò, ẹ máa fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ. Ìyẹn á mú ìdọ̀tí kúrò, ṣùgbọ́n omi lè gba inú aṣọ kọjá. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023 ni kpayo ti wọ́n, kò yẹ ká máa fi ṣòfò.

Ìgbà tí kò yẹ ká tún wà á

Tó bá kú lójijì lórí òkè, tí pẹ́dáàlì sì le, pístọ̀n ló ti há. Ẹ má fipá wà á. Ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ara yín bóyá ọ́ìlì inú esáǹsì pé. Ẹni tó bá dín ọ́ìlì kù kó lè pa owó mọ́, owó pístọ̀n ló ń wá.

Òfin kan ló kù: nǹkan kan ṣoṣo ni ká máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ká gùn ún fún ọjọ́ mélòó kan, ká tó fọwọ́ kan òmíràn. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ bùjí, bòbín àti kọ́ńdàńsátọ̀ lọ́jọ́ kan náà, tó sì dáa, ẹ ò ní mọ èyí tó wo àìsàn náà sàn. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ẹ mú ìwé kékeré yẹn lọ bá mẹkaníkì yín, ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un. Mẹkaníkì tó mọṣẹ́ á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, torí pé ẹ ti bá a ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.