Àlàyé Lórí Jẹjẹrẹ Ọ̀nà Ọ̀fun: Ṣé A Lè Dín Ìtọ́jú Rẹ̀ Kù?

Ọ̀kan nínú àwọn tó wá béèrè ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ wa ní Gàmbàrí ní jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun. Nígbà tí ìtọ́jú rẹ̀ wọ ọ̀sẹ̀ kẹrin, inú ẹnu rẹ̀ bó, ògì pàápàá kò ṣeé gbé mì, owó sì ń tán lọ. Ó ní: "Ẹ̀yin Alfa, mo gbọ́ pé àwọn dókítà òyìnbó ti ń dín ìtọ́jú yìí kù. Ṣé èyí tí mo ti gbà kò tó?" Ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà, nítorí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀.

Ohun méjì pàtàkì ló ń fa jẹjẹrẹ yìí. Èkíní ni sìgá, tábà àti ọtí. Èkejì ni fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní HPV, pàápàá irú rẹ̀ tó ń jẹ́ 16. Jẹjẹrẹ tí fáírọ́ọ̀sì yìí ń fà máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú tonsil tàbí ní ìdí ahọ́n. HPV kan náà ló ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ fún àwọn obìnrin. Ìbálòpọ̀ ló sábà máa ń gbé e ràn, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí rẹ̀ fi ẹ̀sùn kan aláìsàn. Ó wọ́pọ̀ láàárín ọmọ aráyé, ó lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó hàn, ara ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì lé e jáde fúnra rẹ̀.

Jẹjẹrẹ tí HPV fà máa ń gbọ́ ìtọ́jú ju ti sìgá lọ. Ìtọ́jú tí wọ́n ti ń lò fún un ni ìtànṣán tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ Gray 70, tí wọ́n pín sí ìgbà 35 láàárín ọ̀sẹ̀ 7, pẹ̀lú oògùn cisplatin tí wọ́n ń fà sí iṣan. Ó ń wo ọ̀pọ̀ aláìsàn, ṣùgbọ́n ó le. Itọ́ ẹnu lè gbẹ títí ayé, oúnjẹ lè ṣòro láti gbé mì, cisplatin sì lè ba etí àti kíndìnrín jẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi béèrè bóyá ìtọ́jú tó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lè tó.

Wọn kò fi àbá lásán dáhùn. Wọ́n wá àwọn aláìsàn tó gbà láti kópa, wọ́n ṣẹ́ gègé láti pín wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn fún ọdún púpọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n fi oògùn cetuximab rọ́pò cisplatin. Nínú ìdánwò De-ESCALaTE, tí Bìrìtìkó wà lára àwọn tó ṣe é, aláìsàn 334 ló kópa. Èsì rẹ̀ jáde ní 2018: lẹ́yìn ọdún 2, nínú 100 tó gba cisplatin, 97.5 ló wà láàyè, ṣùgbọ́n 89.4 ni nínú àwọn tó gba cetuximab. Ìnira gbogbo tí wọ́n rò pé yóò dín kù, kò dín. Ìdánwò RTOG 1016 ní Amẹ́ríkà náà fi hàn lọ́dún kan náà pé cisplatin ló dáa jù.

Lẹ́yìn náà, wọ́n dín ìtànṣán kù sí Gray 60. Èsì HN002 ní 2021 fún wọn ní ìrètí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdánwò HN005 fi Gray 60 wé Gray 70, pẹ̀lú cisplatin nínú méjèèjì, èsì 2024 yàtọ̀. Lẹ́yìn ọdún 2, àwọn tó wà láàyè tí àrùn kò padà sí lára jẹ́ 98.1 nínú 100 tó gba 70, ṣùgbọ́n 88.6 nínú 100 tó gba 60. Wọn kò bá a lọ sí ìpele kẹta.

Àwọn ìyá wa tó ń mọ ìkòkò ní Dáda mọ ọ̀rọ̀ yìí. Iná tó pọ̀ jù a máa la ìkòkò, ṣùgbọ́n èyí tí iná rẹ̀ kò tó, omi ni yóò tú u. Ìwádìí ṣì ń lọ láti mọ aláìsàn tí ìdínkù lè bá lára mu. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ló lè sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìròyìn orí rédíò. Ní tiwa, ìwádìí tí wọ́n ti ṣe ní Nàìjíríà fi hàn pé èyí tí HPV fà kò pọ̀ láàárín àwọn alárùn jẹjẹrẹ orí àti ọrùn. Nítorí náà, ìdínkù tí wọ́n ń dán wò lọ́hùn-ún kì í ṣe ti ọ̀pọ̀ aláìsàn wa rárá.

A dá arákùnrin wa lóhùn pé kò tíì tó. Bí ìrora bá pọ̀, ẹ sọ fún dókítà. Oògùn ìrora wà, wọ́n sì lè fi rọ́bà fún ènìyàn lóúnjẹ. Ẹ má ṣe dá ìtọ́jú dúró fúnra yín.

Ẹ tètè ṣe àyẹ̀wò bí kókó ọrùn tàbí ìrora ọ̀fun bá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Láti October 2023 ni ìjọba ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ òrukàn tó wà lọ́dọ̀ yín náà gbà á.

Ẹni tó bá ń mú ìwé ìbéèrè wá fún aláìsàn, kí ó kọ iye ọjọ́ ìtọ́jú àti iye owó gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú owó ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó bí ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ gba ìtànṣán. Owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè wo àrùn ọ̀sẹ̀ méje. Ẹ̀yin tó ń yọ zakat, ẹ rántí èyí. Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà.