Koo Nimo: Onígìtá Tó Dá Seperewa Padà Sójú Agbo

Láti Ashanti New Town ní Kùmásì, Manhyia, ààfin Asantehene, kò jìnnà. Láyé àtijọ́, seperewa ni wọ́n ń ta nídìí àwọn ọba Àṣàǹtì, ohun èlò olókùn tí wọ́n fi ń kì wọ́n. Nígbà tí gìtá dé, díẹ̀díẹ̀ ló gba ipò rẹ̀.

Daniel Amponsah, tí gbogbo Gáánà mọ̀ sí Koo Nimo, kò fara mọ́ ọn. Foase, nítòsí Kùmásì, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1934. Orin nìkan kọ́ ló fi ń jẹun o. Yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Kùmásì niṣẹ́ rẹ̀ wà.

Orin ẹlẹ́mu ló yàn láàyò. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà ló gbé ọnà fífi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ta gìtá kiri etíkun. Ọ̀kan nínú wọn ló kọ́ Kwame Asare, ẹni tí Kumasi Trio rẹ̀ gba “Yaa Amponsah” sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1928. Ẹni tó bá mọ jùjú ayé Tunde King yóò gbọ́ ohùn ẹbí níbẹ̀.

Koo Nimo gbà pé seperewa kò tíì kú, pé inú ìka àwọn onígìtá Àṣàǹtì ló fara pamọ́ sí. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ highlife ń sáré ra gìtá oníná, gìtá onígi lòun dì mú. Nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, Adadam Agofomma, gìtá àti seperewa jọ ń dún, pẹ̀lú agogo, ìlù àti apremprensiwa. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí, ọmọ ìyá àgídìgbo wa ni: àpótí ni, irin pẹlẹbẹ ni wọ́n sì ń fìka ta lára rẹ̀. Ìtàn Ananse alántakùn, tí í ṣe Ìjàpá tiwọn, ló sábà máa ń fi kọrin.

Ní 1979, àwọn olórin Gáánà fi í ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ wọn, MUSIGA. Ní 1990, Paul Simon ará Amẹ́ríkà mú ohùn “Yaa Amponsah” wọ inú àwo tirẹ̀. Ta ló wá ni orin náà? Gáánà ní orin ìbílẹ̀ ni, gbogbo ìlú ló ni ín, owó ẹ̀tọ́ sì wálé.

Yunifásítì Washington ní Seattle pe Koo Nimo ní 1998, ó sì fi ọdún méjì kọ́ni níbẹ̀. Ó tún kọ́ni ní Michigan kó tó padà sí Kùmásì. Seperewa náà ti wọ kíláàsì nílé: ní Yunifásítì Gáánà ní Legon, Osei Korankye ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń ta á.